Imoudu àti àwọn sóṣálíìsì: ta ló ń gun ta lẹ́ṣin?

#1 ỌmọLókò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ Àìkú, mi ò tíì lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Michael Imoudu, ẹni tí wọ́n ń pè ní Labour Leader No. 1, kọ́múníìsì pọ́ńbélé ni, pé àwọn ará Moscow ló ń fà á kiri bí ewúrẹ́ ọjà. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ó dáa, kí n ṣàlàyé. Ẹnu mi wọhò.

Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ọmọ Ora ni, ní ilẹ̀ Edo. 1902 ni wọ́n bí i, 1929 ló wọ iṣẹ́ rélùwéè. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ní 1940. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde ní Ebute Metta, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé Gómìnà Bourdillon lọ béèrè owó. Ní 1943 wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n wá lé e lọ sí Auchi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo èyí, mi ò rí Lenin níbì kankan. Owó ọ̀yà ni mo rí.

Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Lókò, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Imoudu létí rẹ̀, tó bá wà lórí ìjókòó, á dìde.

Ìbéèrè mi rèé: níbo gan-an ni àwọn sóṣálíìsì ti wọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí? Ṣé òun ló tọ̀ wọ́n lọ ni, àbí àwọn ló wá gùn ún lẹ́ṣin?

#2 Gbangba_Dẹkùn
Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́. Ẹni tó lọ Moscow, tó tún lọ Peking, ní nǹkan bí àsìkò òmìnira, kí lẹ fẹ́ ká pè é? Pásítọ̀?

#3 Tísà_Fẹ̀yìntì
ỌmọLókò, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n ibi tí o ti dákẹ́ ni ìtàn ti gbérasọ. Wo 1945.

Ogun Hitler ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dúró sójú kan, gààrí kò dúró dè é. Àwọn òṣìṣẹ́ béèrè pé kí wọ́n fi ìdajì lé owó ọ̀wọ́ngógó wọn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní COLA, kí owó ọ̀yà ẹni tó kéré jù sì jẹ́ sílè méjì àbọ̀ lójúmọ́. Ìjọba ní kò sówó. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó di pé ó gbóná ni wọ́n dá Imoudu sílẹ̀ ní Auchi, àwọn ará Èkó sì jáde lọ pàdé rẹ̀ bí ẹni ń pàdé ọba tó ti ìrìn àjò dé. Olórí TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbà náà, T. A. Bankole, fẹ́ kí wọ́n sún ìyanṣẹ́lódì síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà fún un. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1945 ni wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tó jáde lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, rélùwéè dúró, wáyà dúró, ó sì ju oṣù kan lọ.

Ibẹ̀ ni ìṣèlú ti wọlé, ẹnu ọ̀nà ìwé ìròyìn ló gbà. West African Pilot àti Daily Comet, ìwé ìròyìn Azikiwe, gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ pátápátá. Ìjọba fòfin de méjèèjì. Kí o tó ṣẹ́jú, ẹjọ́ owó ọ̀yà ti di ẹjọ́ ta ló ni ilẹ̀ yìí. Ní 1946, nígbà tí NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú Azikiwe, ń káàkiri orílẹ̀-èdè láti tako ìwé òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀, Imoudu wà nínú ìrìn àjò náà pẹ̀lú Zik àti Herbert Macaulay. Ìrìn àjò yẹn ni àìsàn ti dá Macaulay dúró ní Kano, wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú.

Nítorí náà kì í ṣe Moscow ló mú un wọ ìṣèlú. Òmìnira ló mú un wọ̀ ọ́. Àwọn Zikist, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń gbóná tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1946 yìí kan náà, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sóṣálíìsì wá sí ojúde rẹ̀. Orúkọ tí o ní láti máa wá ni Nduka Eze.

#4 Àṣàkẹ́_Òǹkàwé
A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Bóyá ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ "apá òsì" máa rùn sí Yorùbá létí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi àmì kékeré kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ wò ó: òsì á di òṣì. Lójú tèmi, òṣì ló bí apá òsì ti Imoudu. Ìwé kọ́ ló bí i.

#5 ỌmọLókò
@Àṣàkẹ́, mo máa jí èyí lò lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ dárí jì mí ṣáájú.

#6 Akọ̀wéẸgbẹ́78
Mo ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ọdún tó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tí kò ṣe yúníọ̀nù rí kì í kà sí.

Olórí ẹgbẹ́ lè lóhùn, ó lè láyà. Ó dáa. Ta ni yóò kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléeṣẹ́ lóru, tí lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́? Ta ni yóò ka òfin iṣẹ́ láti òkè délẹ̀ kó tó rí ihò tí ènìyàn lè gbà jáde? Ta ni yóò dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ owó oṣù, tí yóò máa gba kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sá fún un? Iṣẹ́ àìlọ́pẹ́ ni. Àwọn tó ń ṣe é láyé ìgbà náà láìretí nǹkan kan ni àwọn tó gbà pé ayé lè yí padà, sóṣálíìsì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò: Nduka Eze, akọ̀wé. Gogo Chu Nzeribe, akọ̀wé. S. U. Bassey, akọ̀wé. Imoudu ni ààrẹ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn ló mú kálámù, òun ló lóhùn tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí TUC kọ̀ láti máa bá NCNC rìn mọ́, ní ìparí 1948, Imoudu àti Eze kó àwọn tó bínú jáde, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní 1949. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, ní Enugu. Ènìyàn mọ́kànlélógún kú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ohun tí ọjọ́ yẹn ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí. Àwọn tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ jókòó papọ̀. Nígbà tó di 1950, wọ́n ní Nigerian Labour Congress kan (kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí o, àkọ́kọ́ ni mo ń sọ), Imoudu ààrẹ, Eze akọ̀wé àgbà.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Eze ló ń darí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ UAC, iléeṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó. Ní oṣù Kẹjọ 1950 ó pe ìyanṣẹ́lódì, ó jẹ. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún pe òmíràn ní oṣù Kejìlá. Ó tú ká pátápátá. Ẹgbẹ́ UAC fọ́, Congress tẹ̀ lé e, àwọn Zikist fúnra wọn ni ìjọba ti fòfin dè ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Ohun tí àwọn ọmọdé yẹn ò mọ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tó bá ọ jáde nítorí owó oṣù kò tíì sọ fún ọ pé òun fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ó ń retí owó ọbẹ̀.

#7 Gbangba_Dẹkùn
Ẹ ṣeun bàbá, ẹ ti bá mi jẹ́rìí tán. Ẹni tó bá mú kálámù ló ń kọ ibi tí à ń lọ. Wọ́n gùn ún.

#8 Akọ̀wéẸgbẹ́78
Àbúrò, ẹṣin wo lo rí tó gbé ẹni tó gùn ún ṣánlẹ̀, tó sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ? Eze kúrò níbẹ̀, Imoudu wà níbẹ̀. Zikist di àwátì, Imoudu wà níbẹ̀. Ní 1953 wọ́n gbé àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mìíràn, ANTUF, dìde, òun ni ààrẹ. Ní 1959 àpapọ̀ tuntun, TUCN, dé, òun kan náà. TUCN dá a dúró ní 1960 nítorí àwọn ará Moscow tí o ń pariwo yẹn, ó bọ́ síta, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ NTUC, àpapọ̀ tí àwọn tó bá a jáde dá sílẹ̀. Akọ̀wé mélòó ló gun ẹṣin kan yìí? Tó bá jẹ́ ẹṣin ni, òun ló ń yan ẹni tí yóò gùn ún.

#9 Ọ̀dọ́_Ìlọrin
Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Mo máa ń gba iwájú iléèwé Michael Imoudu kọjá níbí, èyí tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Láti kékeré, mo rò pé orúkọ òyìnbó kan ni.

#10 Tísà_Fẹ̀yìntì
Ìlọrin, má ṣàníyàn, kì í ṣe ìwọ nìkan. Imoudu wà láyé títí di 2005, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ owó oṣù tó kéré jù lónìí ni kò gbọ́ ìròyìn ikú rẹ̀.

#11 ỌmọLókò
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ Moscow yẹn ní gbangba. Ṣé owó wà níbẹ̀ àbí kò sí? Ẹ̀gbọ́n mi ò ní gba àròyé.

#12 Tísà_Fẹ̀yìntì
Owó wà níbẹ̀. Kò yẹ ká bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé pín sí méjì. Ọ̀kan, WFTU, fìdí kalẹ̀ ní Prague, Soviet ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, ICFTU, wà ní Brussels, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lẹ́yìn ìyẹn. Méjèèjì ń wá ọmọ ní Áfíríkà. ICFTU kọ́ iléèwé sí Kampala fún àwọn olórí òṣìṣẹ́ Áfíríkà; àwọn tó bá ń bá Prague rìn ń rí ààyè lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì ti Ìlà-oòrùn. Ìwé ọkọ̀ òfúrufú ń ti ọ̀tún wá, ó ń ti òsì wá. Olórí ẹgbẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì tí gómìnà ń sùn.

Ní 1962 wọ́n pe àpérò ìṣọ̀kan ní Ìbàdàn. Gbogbo nǹkan ti fẹ́ yanjú, ó ku ìbéèrè kan: ṣé a máa dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òkèèrè kankan ni? Ibẹ̀ ló ti dà rú. Àwọn tí wọ́n fẹ́ Brussels borí, wọ́n dá United Labour Congress sílẹ̀. Àwọn Imoudu jáde nínú gbọ̀ngàn. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ULC? Alhaji H. P. Adebola, ọmọ Yorùbá, tí òun náà jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè! Inú rélùwéè kan náà ni ọ̀tún àti òsì ti jáde. Ọ̀kan ń wo Brussels, èkejì ní Brussels ń jẹ wá níyà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sí ẹni tó pe Adebola ní ẹrú Amẹ́ríkà lójú pópó. Imoudu nìkan ni wọ́n ń pè ní ẹrú ẹnìkan. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ dáhùn.

#13 Gbangba_Dẹkùn
Ìyẹn tọ́. Mo gbà á. Owó òkèèrè, owó òkèèrè ni, ì báà jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ búlúù.

#14 Àṣàkẹ́_Òǹkàwé
Mo ní ìbéèrè tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin Lókò ń dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, ta ló ń bọ́ wọn? Àwọn ìyálọ́jà Èkó ni. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ereko, ìyá tí kò kàwé, ti ń bá ìjọba kan náà wọ̀jà láti ìgbà tí Captain Pullen, òyìnbó tí ìjọba fi ṣọ́ iye owó oúnjẹ, ti ń fi iye owó gààrí lé wọn lórí lọ́dún ogun. Ẹ wò ó: òṣìṣẹ́ ń fẹ́ kí oúnjẹ rọ̀ lọ́jà, ọlọ́jà ń fẹ́ kí ìjọba gbọ́wọ́ kúrò lórí ọjà òun. Ó yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn jà. Síbẹ̀, ìjọba kan náà ni àwọn méjèèjì kọjú sí.

Kò sì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ Pelewura bóyá sóṣálíìsì ni tàbí kí ni. Bóyá nítorí pé obìnrin ni, wọ́n rò pé kò lè ní èrò kankan yàtọ̀ sí èrò ẹja.

#15 Akọ̀wéẸgbẹ́78
Àṣàkẹ́, o ti gbá mi létí, mo yẹ fún un. Ọdún tí mo lò nínú ẹgbẹ́, ìgbà tí a bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ nìkan la máa ń rántí lọ sí ọjà. Tí a bá jẹ, a kì í padà lọ dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ 1964, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìbéèrè ỌmọLókò wà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń bú ara wọn láti Ìbàdàn jókòó pọ̀, wọ́n dá Joint Action Committee sílẹ̀, Imoudu wà níwájú. Ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ Morgan kalẹ̀ láti yẹ owó ọ̀yà wò, ìgbìmọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ìjọba jókòó lé ìwé náà. Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, Nàìjíríà dúró sójú kan. Ọ̀tún jáde, òsì jáde, Hausa jáde, Igbo jáde, Yorùbá jáde. Ìjọba Balewa halẹ̀ pé òun máa lé gbogbo ènìyàn níṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò mira. Ìjọba ló yíhùn padà. Mi ò rí ìṣọ̀kan tó tó ìyẹn láti ìgbà náà, mi ò sì mọ̀ bóyá màá tún rí i kí n tó kú.

Ó wá ku oṣù mẹ́fà kí ìdìbò dé. Àwọn sóṣálíìsì ní, "Àkókò tó!" Tunji Otegbeye, dókítà ọmọ Ìlaròó, ti dá Socialist Workers and Farmers Party sílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, Wahab Goodluck, ààrẹ NTUC lásìkò náà, wà níbẹ̀ gbágbá. Ó yẹ kí Imoudu dara pọ̀ mọ́ wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti Eskor Toyo dá Nigerian Labour Party tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ òsì méjì, fún àwọn òṣìṣẹ́ kan náà! Nínú ìdìbò oṣù Kejìlá, ìkankan nínú méjèèjì kò rí ìjókòó kan ṣoṣo.

Ọwọ́ tó ju ìwé iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, òun náà ló tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀yà tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo mọ ọkùnrin kan tó ṣe méjèèjì. Bàbá mi ni.

#16 Gbangba_Dẹkùn
Kí la tún ń jiyàn lé lórí? Àwọn òṣìṣẹ́ ti dáhùn fúnra wọn. Wọ́n fẹ́ Imoudu gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́, wọn ò fẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn alápatà kò pọn dandan kó fẹ́ràn ẹran tí alápatà ń jẹ nílé.

#17 Tísà_Fẹ̀yìntì
Gbangba, ọ̀rọ̀ rẹ lágbára, mi ò ní fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o fò. Kí ló dé tí ìjọba, tó mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ò dìbò fún àwọn olórí wọn, ṣì ń bẹ̀rù àwọn olórí náà tó bẹ́ẹ̀?

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1974, ní ibojì Apena ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹnì kan nínú wọn, àwọn olórí ọ̀tún àti òsì wo ara wọn lójú, wọ́n ní ìjà tó. Wọ́n búra láti ṣọ̀kan. Òkú ló bá wọn parí ìjà tí alààyè ò lè parí. Nígbà tó fi máa di ìparí 1975 wọ́n ti dìbò yan Goodluck ṣe ààrẹ Nigerian Labour Congress (NLC) tuntun. Ìjọba ológun ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Adébíyì kalẹ̀ láti tú inú àwọn ẹgbẹ́ wò, nígbà tó sì di 1977, wọ́n fòfin lé olórí òṣìṣẹ́ mọ́kànlá kúrò nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Imoudu wà níbẹ̀, Goodluck wà níbẹ̀, Bassey wà níbẹ̀. Ta ni mo tún rí nínú orúkọ náà? Adebola! Ará Brussels àti ará Prague, wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà. Lójú ológun, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Ẹni tó lè dá rélùwéè dúró ni wọ́n ń wá.

#18 Ọ̀dọ́_Ìlọrin
Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá dé ti òde òní. Oshiomhole kúrò ní NLC, ó di gómìnà, ó di alága APC. Ṣé apá òsì náà nìyẹn?

#19 Gbangba_Dẹkùn
Apá ọ̀tún ni, ọwọ́ tí a fi ń jẹun.

#20 Alábòójútó
Ẹ rọra o. Ẹ má sọ ibí di pápá ìpolongo ìdìbò. Ẹni tó bá mú ìjà 2023 wọ inú èyí, màá pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́.

#21 Akọ̀wéẸgbẹ́78
A ti gbọ́. Màá dáhùn ọmọ Ìlọrin láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yàtọ̀ ni owó. Láyé Imoudu, ẹgbẹ́ kò lówó lọ́wọ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí gbọ́dọ̀ gbà nǹkan kan gbọ́, àbí kó wá ẹni tí yóò máa fún un lówó láti òkèèrè. Láti 1978 tí ìjọba ti to àwọn ẹgbẹ́ sí ọ̀nà méjìlélógójì, tí Hassan Sunmonu sì di ààrẹ NLC, agbanisíṣẹ́ ló ń yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù, ó ń fi ránṣẹ́ sí oríkò ẹgbẹ́. Kò sí pé à ń dúró lẹ́nu géètì mọ́. Ó dára, mo jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, a kò nílò ẹni tó máa bá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ kó tó san kọ́bọ̀ rẹ̀. Sóṣálíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ ẹnu géètì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ná owó rẹ̀ lórí ìṣèlú. A lówó, a kò lè ná an síbi tó ń dun àwọn ọlọ́lá.

Sunmonu, ọmọ Òṣogbo, kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo orúkọ sóṣálíìsì, ṣùgbọ́n ní 1981 ó béèrè ₦300 fún owó oṣù tó kéré jù, ó dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ₦125 ni wọ́n gbà. Mo wà nínú ẹ̀ka ẹgbẹ́ nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí NLC gbé dìde ní 2002, tó di Labour Party ní 2004, inú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló ti ń tiraka: orúkọ òṣìṣẹ́ ló ń jẹ́, owó òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ta ni ẹ rò pé yóò bá wọn san owó fọ́ọ̀mù? Mo dákẹ́, Alábòójútó ń wò mí.

#22 Àṣàkẹ́_Òǹkàwé
Bàbá Akọ̀wé, àlàyé yìí nìkan tó ìwé kan. Owó tí agbanisíṣẹ́ ń bá yín gbà ló pa iná náà. Mi ò ronú kàn án bẹ́ẹ̀ rí.

#23 ỌmọLókò
Mo kúkú fẹ́ mọ ibi tí Imoudu fúnra rẹ̀ parí sí. Lẹ́yìn 1977 tí wọ́n lé e, ṣé ó lọ jókòó sílé ni?

#24 Tísà_Fẹ̀yìntì
Ta? Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó bọ́ sínú PRP, ẹgbẹ́ òṣèlú Aminu Kano, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1978. Lẹ́yìn ìdìbò 1979, tí PRP gba Kano àti Kaduna, ìjà dé láàárín Aminu Kano àti àwọn gómìnà méjèèjì, Abubakar Rimi àti Balarabe Musa. Àwọn gómìnà wọ̀nyí ni wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà dúró ní apá òsì tọkàntara. Ta ni wọ́n mú ṣe olórí tiwọn? Ọmọ Ora. "PRP ti Imoudu" ni wọ́n ń pè é, kó lè yàtọ̀ sí ti Aminu Kano. Ní oṣù Kẹfà 1981, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kaduna yọ Balarabe Musa nípò. Imoudu ti ń súnmọ́ ọgọ́rin nígbà yẹn.

Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, òfin ti gbà á. Kò sí Prague, kò sí Brussels. Ará Àríwá ni àwọn tó mú un. Nítorí náà, ỌmọLókò, tí o bá ń wá ìgbà tí òsì di tirẹ̀ gan-an, tí kì í ṣe ti akọ̀wé kankan, ibẹ̀ ni èmi máa tọ́ka sí.

#25 Gbangba_Dẹkùn
Hẹn-ẹn. Ẹni ọgọ́rin ọdún kì í wá owó hòtẹ́ẹ̀lì. Mo yọ ọ̀rọ̀ "gùn ún" kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdìbò 1964 ṣì dúró, mi ò yọ ìyẹn.

#26 ỌmọLókò
Mo ka gbogbo èyí sókè fún ẹ̀gbọ́n mi lánàá. Ó gbọ́ ti Ìbàdàn, ó ní òun náà mọ̀. Irọ́ ni, kò mọ̀. Ó gbọ́ ti Apena, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé orí PRP, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí pé ta ni Balarabe Musa, kí ló ṣe tí wọ́n fi yọ ọ́. Mi ò lè dáhùn. Ẹnu mi tún wọhò, lójú ẹni kan náà.

Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣí ojú ewé tuntun fún ìyẹn?

#27 Tísà_Fẹ̀yìntì
Ṣí i. Ṣùgbọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.